Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Ń Mú Òbí Rẹ̀ Lọ fún Àyẹ̀wò Núkílíà Ọkàn

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé fóònù lẹ̀yin ọmọ òde òní kọ́kọ́ máa ń bi léèrè kí ẹ tó bi àgbà. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ jókòó dúró de àyẹ̀wò yìí nílé àti lókè òkun, èmi náà sì ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ kámẹ́rà rẹ̀ rí. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀rọ kì í sábà jẹ̀bi tó àwa tí a ń lọ bá a. Àyẹ̀wò núkílíà kò ju ìbéèrè tí a ń bi ọkàn lọ. Bí a bá béèrè bó ṣe yẹ, tí a sì sọ òótọ́ fún àwọn tó ń bá wa béèrè, ìdáhùn á wúlò. Bí a bá gbé irọ́, ìkánjú àti ìbẹ̀rù dé ibẹ̀, àwòrán lásán la ó fowó rà bọ̀ wálé. Nítorí náà, fetí sílẹ̀, pàápàá ìwọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

1. Mọ ìbéèrè náà kí o tó gba ìwé àyẹ̀wò. Fi ọ̀wọ̀ bi dókítà pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí gan-an lẹ fẹ́ mọ̀?" Ìdí ni pé oríṣi àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé gbogbo ẹran ọkàn. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní MUGA, tó ń wọn agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Wọ́n máa ń lò ó fún ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ bíi doxorubicin, nítorí oògùn náà lè ṣe ọkàn léṣe. Òmíràn ń wá apá ọkàn tó ti dákẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì kú. Òmíràn sì tún wà tó ń wá purotéènì tó ti gbá jọ síbi tí kò yẹ nínú ọkàn. Bí o kò bá mọ èyí tí wọ́n kọ fún bàbá rẹ, o kò ní mọ bí wọ́n ṣe máa múra, èsì náà kò sì ní yé ọ. Abèèrè kì í ṣìnà.

2. Ìrora àyà tó ń lọ lọ́wọ́ kì í dúró de ọjọ́ àdéhùn. Bí àyà bá ń fún ìyá rẹ pinpin, tí òógùn tútù ń bò wọ́n, tí ìrora ń gba apá, ọrùn tàbí àgbọ̀n lọ, tí ìsinmi kò sì mú un rọlẹ̀, má sọ pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fún wa. Gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá wà ní Amẹ́ríkà, pe 911; bí ẹ bá wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe 999. Ìdí ni pé ẹni tí ara rẹ̀ ṣì dúró ni àyẹ̀wò núkílíà tí mò ń sọ yìí wà fún. Ẹni tí ìkọlù ọkàn ń bá jà lọ́wọ́, ECG àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá troponin ni wọ́n máa fi kọ́kọ́ wò ó, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá sì ṣòfò, ara ẹran ọkàn ló ti ń jẹ ẹ́.

3. Má jẹ́ kí orúkọ "núkílíà" lé yín sá. Mo ti gbọ́ tí àgbàlagbà kan béèrè bóyá bọ́ǹbù ni wọ́n fẹ́ gún mọ́ òun lára. Rárá o. Oògùn atọpasẹ̀ díẹ̀ ni, tí wọ́n so mọ́ ohun tó ń ta ìtànṣán, tí wọ́n sì ń gún sínú iṣan apá. Níbi X-ray, ẹ̀rọ ló ń ta ìtànṣán sí ara. Níbí, ara ló ń ta á jáde, kámẹ́rà kàn ń gbà á ni. Technetium-99m ni wọ́n ń lò jù. Carlo Perrier àti Emilio Segrè ló ṣàwárí technetium ní Palermo, ní Ítálì, ní ọdún 1937. Kódà ṣáájú ìgbà náà, láàárín 1920 sí 1930, Herrmann Blumgart ti lo irú ohun tó ń ta ìtànṣán báyìí ní Boston láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára káàkiri ara. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò lára wa. Ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà ni agbára technetium yìí ń dín sí ìdajì. Bí ó bá fi máa pé wákàtí 24, ìdá kan nínú 16 ló ṣẹ́ kù, láìka èyí tó bá ìtọ̀ lọ. Ìtànṣán tí èèyàn ń gbà nínú àwòrán méjì tí wọ́n sábà ń yà, ti ìsinmi àti ti iṣẹ́, sábà máa ń tó millisievert 9 sí 12, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ojú ọ̀run nìkan ń fún wa ní nǹkan bíi 2.4 lọ́dún. Ìyẹn ni pé ó tó ti ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Kì í ṣe ohun àmúṣeré, kì í sì í ṣe ohun à ń sá fún nígbà tí ìdí gidi bá wà.

4. Jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán méjèèjì, má sì kùn pé wọ́n ń fi àkókò yín ṣòfò. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń kú lọ lè máa rìn geere lójú títì tó tẹ́jú. Ìgbà tó bá dé ẹsẹ̀ òkè ni àṣírí máa tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òpó ẹ̀jẹ̀ tó ti fún dé ìdá 70 nínú 100 ṣì lè bọ́ ọkàn yó nígbà tí èèyàn bá jókòó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ya ọ̀kan nígbà ìsinmi, tí wọ́n sì ń ya èkejì lẹ́yìn tí ọkàn bá ti ṣiṣẹ́ kára. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dín kù nígbà iṣẹ́, tó sì padà nígbà ìsinmi, ẹ̀jẹ̀ kò tó o, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ibi tó ṣókùnkùn nínú méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àpá ìkọlù ọkàn àtijọ́, èyí tí bàbá rẹ lè ti pè ní inú kíkún nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ ìrìn ni wọ́n ti máa ṣe é, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà sábà fi ń yára sí i, tí á sì tún ga sí i. Wọ́n á fẹ́ kí ìlù ọkàn dé ìdá 85 nínú 100 iye tó ṣẹ́ kù bí a bá yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220. Fún ẹni 60 ọdún, ìyẹn jẹ́ 136 ní ìṣẹ́jú kan. Bí orúnkún kò bá gbà á, kí wọ́n má fi agídí gùn ún. Oògùn wà tó lè ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀.

5. Gba obì lọ́wọ́ bàbá rẹ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn oògùn tí mo ní ó lè ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ yẹn, adenosine, dipyridamole àti regadenoson, ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kaféènì ló máa ń dènà wọn. Bí kaféènì bá wà lára, oògùn á wọlé, kò ní ráyè ṣiṣẹ́, àwòrán á sì jáde bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe ọkàn. Irọ́ tó dùn mọ́ni nìyẹn, òun ló sì léwu jù. Ìwé ìtọ́ni tí wọ́n ń fúnni lókè òkun á dárúkọ kọfí, tíì, ṣokoléètì àti kóòkì. Obì lè má sí níbẹ̀, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ àbàtà yàtọ̀ sí gbànja. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ìwọ ni kí o sọ ọ́. Kaféènì wà nínú obì, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú àwọn ohun mímu amárale inú agolo àti nínú oògùn ẹ̀fọ́rí kan. Kódà kọfí tí wọ́n ní wọ́n ti yọ kaféènì rẹ̀ kúrò ṣì ní díẹ̀. Ilé ìwòsàn kan á ní wákàtí 12, òmíràn á ní 24. Tẹ̀lé èyí tí tiyín bá sọ. A kì í já obì gbà lọ́wọ́ àgbà, mo mọ̀. Kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí pamọ́ di ìgbà tí a bá dé." Bí wọ́n bá sì ti jẹ ẹ́, sọ fún nọ́ọ̀sì láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú sàn ju kí wọ́n ya àwòrán tí kò níláárí.

6. Má fi àìsàn tàbí oògùn kankan pamọ́ fún wọn. Kọ gbogbo oògùn òbí rẹ sínú ìwé, pẹ̀lú àgbo, pẹ̀lú ohun tí wọ́n rà lọ́wọ́ alágbàtà nínú ọkọ̀. Ẹni tó ní asthma, tí èèmí rẹ̀ máa ń fún, adenosine tàbí dipyridamole lè sé e lémìí. Bí dókítà bá mọ̀, ó lè fi dobutamine rọ́pò. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ń fa ìlù ọkàn sẹ́yìn kó má yára, wọ́n sì lè ní kí bàbá má lo irú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n lè ní kí ó lò ó pẹ̀lú, ó kù sí ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀. Nítorí náà, dókítà ni kó sọ ọ́, kì í ṣe ìwọ, kì í ṣe aládùúgbò. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ béèrè iye insulin tó máa gbà bí wọ́n bá ní kó má jẹun. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá bò mọ́lẹ̀ fún wọn ló máa wá ba ìdáhùn jẹ́.

7. Ya odidi ọjọ́ sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò yìí lè gba wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún, àwọn kan sì máa ń pín in sí ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọ́n á ní kí ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí oògùn lè kúrò lára ẹ̀dọ̀, kó sì fi ọkàn hàn kedere. Kí bàbá wọ bàtà tó ṣeé rìn, kí ìyá fi ẹ̀gbà ọrùn wúrà sílẹ̀ nílé. Lábẹ́ kámẹ́rà, wọ́n á gbé apá sókè, wọn kò sì ní mira fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí èjìká ń dùn kó sọ kí wọ́n bá a fi nǹkan tì í, nítorí bí ó bá ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwòrán á dàrú, wọ́n á sì tún un yà.

8. Pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó gbéra, má sì pẹ́ dé. Technetium kì í ṣe ohun tí a ń tọ́jú sínú àká. Inú molybdenum-99 ni wọ́n ti ń fún un jáde, òun náà sì ń dín sí ìdajì ní wákàtí 66. Iléeṣẹ́ átọ́mù díẹ̀ ló ń ṣe é fún gbogbo ayé, bíi ti Petten ní Netherlands, ti Mol ní Bẹ́ljíọ̀mù, àti ti Pelindaba ní Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí ti Chalk River ní Kánádà dúró lójijì ní ọdún 2009, ilé ìwòsàn káàkiri ayé ló ń wá technetium tì. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ló kọ́kọ́ ní ẹ̀ka ìṣègùn núkílíà ní Nàìjíríà, ní ọdún 2006. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá náà ní tirẹ̀. Ìyẹn kò pọ̀ fún orílẹ̀-èdè tó tó tiwa. Ẹni tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin láìpè lè bá ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ tàbí oògùn tí kò dé. Mọ̀ pẹ̀lú pé wọ́n ti po ti bàbá rẹ sílẹ̀ de aago kan pàtó; bí ẹ bá pẹ́, ó ń kú lọ nínú ìgò.

9. Gba ìyá rẹ gbọ́ bí wọ́n bá ní ara àwọn kò dá. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní àrùn ọkàn kì í sọ pé àyà ń dun àwọn. Wọ́n á ní ó ń rẹ àwọn, pé èèmí kò tó, pé ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n ń ro àwọn, a ó sì ní kí wọ́n lọ sinmi. Bí àyẹ̀wò bá wá fi àbàwọ́n hàn, béèrè bóyá òjìji ni. Ọmú lè bo ìtànṣán tó ń ti iwájú ọkàn bọ̀, kó dà bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ kò débẹ̀. Lára ọkùnrin, ìsàlẹ̀ ọkàn ni irú èyí ti sábà ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n lè ní kí aláìsàn dojú bolẹ̀, kí wọ́n tún un yà, tàbí kí wọ́n lo CT láti ṣàtúnṣe rẹ̀. Níbi tí kámẹ́rà PET bá wà, ó sábà máa ń ríran já irú òjìji bẹ́ẹ̀, ìtànṣán rẹ̀ sì lè kéré sí ti technetium.

10. Bí ọwọ́ méjèèjì bá ń kú tipiri, tí ọkàn sì nípọn, béèrè nípa àyẹ̀wò PYP. Ìmọ̀ràn yìí kan àwa gan-an. Ẹ̀dọ̀ ń ṣe purotéènì kan tó ń jẹ́ transthyretin. Lára àwọn kan, ó máa ń tú ká, á sì máa gbá jọ sínú ẹran ọkàn títí ọkàn á fi gan, tí kò ní lè sinmi kó gba ẹ̀jẹ̀ sínú. Jíìnì kan wà tó ń fa èyí, V142I lorúkọ rẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti ṣẹ̀, nǹkan bíi 3 sí 4 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló sì ń gbé e kiri. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n bí ó bá máa jà, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ló sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ á ti máa kú, wọ́n tilẹ̀ lè ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọrùn ọwọ́ méjèèjì, ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹsẹ̀ tó wú, kí èèmí tó máa já. Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àfi kí wọ́n gé díẹ̀ lára ẹran ọkàn kí wọ́n tó mọ̀. Ní báyìí, wọ́n lè gún technetium tí wọ́n so mọ́ pyrophosphate (PYP náà nìyẹn), oògùn tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun. Bí ọkàn bá tàn tó egungun ìhà tàbí jù ú lọ, ìfura ti di ńlá. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ gbọ́dọ̀ bá a rìn, nítorí oríṣi mìíràn àìsàn yìí wà tó ń ti mùdùnmúdùn egungun wá, ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀, kò sì gba ìdádúró. Láti ọdún 2019 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn tafamidis fún irú àìsàn ọkàn yìí. Ó ń fa àìsàn náà sẹ́yìn ni, kì í tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe, owó rẹ̀ sì ga. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o tètè béèrè. Ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀, kó pe àwọn àbúrò àti ọmọ rẹ̀ jọ, kó sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ìdílé ni.

11. Nígbà tí ẹ bá jáde, tẹ̀lé ìtọ́ni ilé bí o ṣe tẹ̀lé ti àárọ̀. Kí wọ́n mu omi dáadáa bí dókítà kò bá ti dá omi dúró fún wọn, kí wọ́n máa tọ̀, kí wọ́n sì fọ ọwọ́, nítorí ìtọ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jáde. Bí aboyún tàbí ọmọ ọwọ́ bá wà nílé, béèrè iye wákàtí tí kò fi yẹ kí wọ́n gbé ọmọ náà sáyà pẹ́. Kì í ṣe pé bàbá àgbà di ẹni à ń sá fún. Ìṣọ́ra lásán ni. Bí wọ́n bá sì fẹ́ wọ bàálù padà sí Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ àwọn aláàbò ní pápákọ̀ òfurufú lè ké mọ́ wọn lórí, pàápàá bó bá jẹ́ thallium, oògùn atọpasẹ̀ mìíràn, ni wọ́n lò, nítorí òun máa ń pẹ́ lára ju technetium lọ.

12. Àwòrán tó mọ́ kì í ṣe ìwé àṣẹ láti máa jẹ ìjẹkújẹ. Ẹni tí èsì rẹ̀ dára, ewu ìkọlù ọkàn tàbí ikú ọkàn fún un lọ́dún kan kì í sábà tó 1 nínú 100. Dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò lè fọkàn balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, èsì tó dára lónìí kì í sì í ṣe ti ayérayé. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: kámẹ́rà tó wọ́pọ̀ yìí ń fi apá ọkàn kan wé èkejì ni. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń bọ́ ọkàn bá fún lọ́gbọọgba, gbogbo rẹ̀ á rí bákan náà, ó sì lè jọ pé kò sí wàhálà. Nítorí náà, bí èsì bá dára, tí èèmí bàbá rẹ ṣì ń já bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, padà lọ. Ara ẹni tó ń ṣàìsàn ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

13. Àwòrán tí kò dára kì í ṣe ìdájọ́ ikú, kì í sì í ṣe àṣẹ fún iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kejì. Àìsàn ló ṣeé wò, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Béèrè ohun mẹ́rin: apá wo ni, báwo ló ṣe tóbi tó, báwo ni agbára ọkàn ṣe rí, kí ló kàn? Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní ISCHEMIA, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2020, kó ènìyàn 5,179 jọ ní orílẹ̀-èdè 37, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò tó ọkàn wọn ṣùgbọ́n tí ara wọn dúró. Wọ́n fún apá kan ní oògùn tó péye. Fún apá kejì, wọ́n fi oògùn kún ṣíṣí òpó ẹ̀jẹ̀ tàbí iṣẹ́ abẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ tí wọ́n fi tọ́ wọn, ikú àti ìkọlù ọkàn kò dín kù lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n yára ṣí òpó fún, àmọ́ ara tu àwọn tí àyà ń dùn nínú wọn jù. Èyí kò kan ẹni tí òpó ńlá apá òsì rẹ̀ ti dí, kò sì kan ẹni tí ìkọlù ọkàn ń bá jà lọ́wọ́. Àwọn yẹn kò gbọ́dọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ó fi yé wa pé oògùn tí à ń lò lójoojúmọ́ kì í ṣe ìtọ́jú òtòṣì. Má tìtorí ìbẹ̀rù ta ilẹ̀ bàbá rẹ kí o tó gbọ́ àlàyé tó péye.

14. Ìwọ fúnra rẹ, má ra àyẹ̀wò yìí bí ẹni ń ra aṣọ ẹbí. Mo mọ̀ pé lẹ́yìn tí o bá sin bàbá rẹ lọ tán, ẹ̀rù á máa bà ọ́, wàá sì fẹ́ kí wọ́n ya tìrẹ náà. Àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ láti ọdún 2012 pé kí wọ́n má máa ya irú àwòrán yìí fún ẹni tí kò ní àmì àìsàn kankan, tí ewu rẹ̀ kò sì ga. Ìdí ni pé ìbéèrè tí kò nídìí máa ń mú ìdáhùn tó ń ṣini lọ́nà wá: àbàwọ́n kékeré tí kì í ṣe nǹkan kan á fa àyẹ̀wò mìíràn, owó á lọ, ìtànṣán á wọlé, oorun á dá lójú rẹ. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọkàn tí kò lágbára mọ́, okùn tí wọ́n ń wé mọ́ apá ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe kámẹ́rà olówó ńlá. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Dín iyọ̀ kù, fi sìgá sílẹ̀, máa rìn, wọn ṣúgà rẹ. Ìgbà wo lo sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tìrẹ kẹ́yìn? Bí o kò bá rántí, lọ wọ̀n ọ́n lọ́la, kí o tó pe bàbá láti béèrè tiwọn.